Àwo orin pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré l'Óṣogbo: báwo la ṣe máa gbà á sílẹ̀ tí gángan á ṣì máa sọ̀rọ̀?

Ọmọ_Òròkí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Olórin kan wà tí mò ń bá ṣètò, obìnrin ni, Òkèfìà ló ń gbé. Orin ò wọ́n lẹ́nu ẹ̀: bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, orin tuntun ti wà lórí Audiomack. Òun nìkan ló ń dá a ṣe, kíbọ́ọ̀dù kan àti ìlù inú kọ̀ǹpútà. Ní báyìí ó fẹ́ ṣe àwo gidi, òun àti ẹgbẹ́ eléré, orin 9, kó ti wà níta kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Orin 46 tó ti kọ. Eléré 10: gángan 2, àkúbà 1, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 1, agogo 1, gìtá 1, béèsì 1, elégbè 3. Máìkì 6: SM57 méjì, SM58 mẹ́ta, condenser kan (èyí tó ń gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́). Interface (àpótí tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà) oníhò 8. Pálọ̀ tí a máa lò gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, táìlì ló wà nílẹ̀ ẹ̀. Iná ìjọba ń wá, ó ń lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà.

Owó sítúdíò ńlá ò sí. Ibo la ti máa mú un?

Onígìtá_Ayétòrò

Ẹ má tíì fọwọ́ kan máìkì. Ẹ fa ìlà sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ orin 46 yẹn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àkọlé, kí tó wà (ìyẹn "key", lẹ́tà ohùn tí orin dúró lé), ìyára ẹ̀ (iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan), ohun tó ń sọ, àti ìlà tí elégbè máa gbè. Ẹni tó bá ń dá orin kọ nídìí kíbọ́ọ̀dù, ibi tí ìka ẹ̀ mọ̀ ló máa ń padà sí. Kó má yà yín lẹ́nu bí èyí tó pọ̀ jù bá wà ní F, tí ìyára wọn ò kúrò láàárín 98 sí 104. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lọ́sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó máa fura. Ẹ wá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn nínú àwo kan: kó tó dé orin kẹta, ó ti sú olùgbọ́, kò sì ní mọ ohun tó sú òun.

Ẹ kọ́kọ́ yọ èyíkéyìí tí kò ní ègbè. Orin tí kò ní ègbè, iṣẹ́ ẹnì kan ni. Elégbè mẹ́ta á kàn dúró máa wò ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí orin méjì tó wà ní kí kan náà tẹ̀lé ara wọn. Nínú 9, bí 3 bá wà ní 90 sílẹ̀, tí 4 wà láàárín 100 sí 112, tí 2 sì gbóná kọjá 120, ẹsẹ̀ àwo yẹn á dúró.

Onígìtá yín á fẹ́ A, D, E tàbí G, torí okùn òfo, èyí tí ìka ò tẹ̀. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀ nìkan o. Gángan ló máa pinnu kí. Àwọn Àyàn ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Àyàn_Ọjà_Ọba

O ṣeun, ọmọ mi. Gángan kì í ṣe gìtá tí wọ́n ń yí létí títí yóò fi di A. Ṣùgbọ́n ó ní ìsàlẹ̀: ohùn tó ń jáde nígbà tí onílù ò fún ọ̀sán, okùn awọ tó yí ìlù ká, rárá. Ìsàlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ṣí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí gìtá lórí fóònù, kí onílù lù ú lẹ́ẹ̀márùn-ún láìfún un. Lẹ́tà tó bá yọ jù nínú márùn-ún ni ìsàlẹ̀ ìlù náà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ G, orin tó wà ní G tàbí C á bá a lọ wẹ́rẹ́. Èyí tó wà ní F♯ á máa bá béèsì jà, pàápàá níbi tí béèsì bá ti dúró sórí ìpìlẹ̀.

Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìdajì ohùn, ẹ fa ọ̀sán mọ́ra díẹ̀, yípo-yípo, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ju ohùn kan lọ, ẹ yí kí orin padà, ẹ fi ìlù sílẹ̀. Ẹni tó bá fipá fà á, ẹgi, òrùka tó di etí awọ mú, á gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, awọ ọmọ ewúrẹ́ yẹn á sì ya létí ibi tó ti bá igi pàdé. Awọ tuntun kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bò ó.

Gángan méjì tẹ́ ẹ ní, kí ọ̀kan máa sọ̀rọ̀, kí èkejì máa dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí kò yí padà. Kí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ariwo ọjà ni.

Ó ku ìwé tẹ́ ẹ máa fún onílù. Ẹ má kọ àmì orin fún un. Ọ̀rọ̀ tí ìlù máa sọ ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ fi dò-re-mí sábẹ́ ẹ̀. Báyìí:

Ò-ṣo-gbo Ò-rò-kí
d r r · d d m

ì-lú a-ró
d m · r m

Ẹ wo "ìlú" yẹn dáadáa. "Lú" kì í bẹ̀rẹ̀ lókè. Kọ̀ǹgọ́ á bà á nísàlẹ̀, ọwọ́ òsì á sì fún ọ̀sán kí ohùn yẹn tó kú, kó fi máa gùnkè lọ. Bí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀, d d ló lù yẹn, "ìlù aró" ló sì sọ. Kò sí ìlù aró níbì kankan.

Ọmọ_Òròkí

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yìí ló mú mi rántí nǹkan. Ọmọkùnrin tó máa ń bá a parí orin lórí kọ̀ǹpútà máa ń fi Auto-Tune sí gbogbo ohùn. Ó ti ní òun máa fi sí gángan náà kó lè wọ kí. Ṣé kò burú?

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ó burú. Ìdí ẹ̀ wà nínú ohun tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Iṣẹ́ Auto-Tune ni kó gbá ohùn mú kó sì tì í sórí lẹ́tà tó bá sún mọ́ ọn jù. Ohùn tó ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó máa ń gé e sí àkàsọ̀: ó dúró nísàlẹ̀, ó fò, ó dúró lókè. Bí retune speed (bó ṣe ń yára tì í; 0 ló yára jù) bá wà ní 0, gígùn yẹn ti kú. Ìgbà mìíràn, ó máa ń mú un mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ìlú" tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ni yóò jáde bí "ìlù". Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá.

Lórí gángan: rárá, kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí gángan ò bá wọ kí, ẹ padà sí ọ̀sán tàbí sí kí orin, bí Bàbá ṣe wí.

Lórí ohùn olórin: ẹ lo ojú ìwé tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe é, níbi tẹ́ ẹ ti máa rí ìlà ohùn. Ẹ mú kìkì ohùn gígùn tó wà níparí ìlà, èyí tó bá yẹ̀ nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan àárín ọ̀rọ̀. Bó bá sì di dandan kẹ́ ẹ fi sí gbogbo ìlà, kí retune speed má wá sílẹ̀ ju 50 lọ.

Beat_Òde_Òní

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà o, ṣùgbọ́n ẹ ti ń mú un le jù. Orin fúnra ẹ̀ kì í tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n fi Yorùbá sí lábẹ́ ohùn òyìnbó, ṣebí gbogbo èèyàn ń kọ ọ́, wọ́n sì mọ ohun tó ń wí. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀. Àwọn ọmọ òde òní sì fẹ́ràn ohùn Auto-Tune yẹn gan-an gẹ́gẹ́ bí ohùn.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Nínú ègbè tí wọ́n bá tún kọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, olùgbọ́ á rí i fà yọ. Bó bá wù ú, kó fi Auto-Tune líle sórí ègbè kan nínú orin kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Àmọ́ nínú oríkì àti orúkọ èèyàn kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó yí i ká tó máa gbà á sílẹ̀. Ìlù tiẹ̀ wá burú jù: kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, ohùn nìkan ló ní. Ẹni tó bá gba ohùn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló ṣẹ́ kù fún un?

Beat_Òde_Òní

Ti ìlù yẹn, mo gbà. Ti ohùn olórin, a ò tíì parí ẹ̀.

Oníná_Alékúwodò

Kẹ́ ẹ tó jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ ti iná, torí òun ló ń ba ìgbàsílẹ̀ jẹ́ jù nílùú wa yìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò dáa fún iṣẹ́ yìí. Ariwo ẹ̀ á wọ máìkì, iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò, á sì máa kùn nínú béèsì.

Ẹ ṣírò ohun tẹ́ ẹ máa lò: kọ̀ǹpútà alágbèéká wọ́ọ̀tì 65, interface 15, ohun tó ń pín hẹ́dífóònù 15, sípíkà méjì 80, gílóòbù 20, fáànù 60. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 255. Bátìrì ínífátà kan, fóólùtì 12, Ah 220, ní 2,640 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ má lò ju ìdajì lọ kó má baà tètè kú: 1,320. Ínífátà fúnra ẹ̀ á jẹ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ní ó ku 1,120. Ẹ fi 255 pín in: wákàtí 4 àti díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pa sípíkà nígbà tẹ́ ẹ ń gbà á sílẹ̀ (dandan ni kẹ́ ẹ pa á, hẹ́dífóònù lẹ ó lò) tẹ́ ẹ sì pa fáànù, ó lé ní wákàtí 9.

Kí ínífátà jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná ẹ̀ ń tẹ́jú bíi ti ìjọba. Èyí tó pọ́ọ́kú yẹn, modified, máa ń kùn bí oyin nínú gìtá, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ máa fi yọ ọ́ tí kò ní yọ lára gìtá pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ ìkùn, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà. Bó bá dákẹ́, ṣájà yẹn ló ń ṣe é: ẹ máa fi bátìrì inú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bí béèsì bá ń lù, kẹ́ ẹ ṣájì ẹ̀ láàárín orin.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá Oníná. Ó yá, ọ̀rọ̀ pálọ̀.

Mítà 4 sí 3.6 pẹ̀lú táìlì: bẹ́ ẹ bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, á máa dún "tàn-àn-àn". Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí ẹní mẹ́ta-mẹ́rin lé ara wọn sílẹ̀. Ẹ gbé fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì dúró lẹ́yìn àwọn onílù, bí mẹ́ta. Ẹ fi kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé. Ẹ má wulẹ̀ lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Kò lè ṣe nǹkankan fún àkúbà, yóò kàn kó èkúté wá ni. Fáànù òkè gbọ́dọ̀ kú ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbà á sílẹ̀.

Máìkì 6 yẹn tó yín bẹ́ ẹ bá pín in báyìí. Béèsì sí ihò 1, gìtá sí ihò 2, tààrà, láìsí ámpù. Àwọn ihò yẹn ló sábà máa ń ní bọ́tìnnì fún gìtá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, gìtá á dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. SM57 kọ̀ọ̀kan sí gángan kọ̀ọ̀kan, ihò 3 àti 4. SM58 sí àkúbà, ihò 5. SM58 kan láàárín ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, ihò 6, kí agogo jìnnà sí i ju ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. SM58 tó kù fún olórin, ihò 7, nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó tì. Ohùn atọ́nà lásán nìyẹn, kì í ṣe èyí tó máa wà nínú àwo. Condenser ẹ tọ́jú ẹ̀ dìgbà tí lílé àti ègbè bá máa wọlé. Ihò 8 á ṣófo.

Gángan: sẹ̀ǹtímítà 35 sí ojú tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, kí máìkì kọjú sí etí awọ, kì í ṣe àárín gbùngbùn; àárín yẹn "pó" nìkan ló ń fúnni, ohùn tó ń gùn ò ní hàn. Àyè tó wà láàárín máìkì gángan méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta 35 yẹn, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 105. Bó bá dín, ìlù kìíní á máa wọ máìkì kejì, àwọn méjèèjì á sì máa pa ara wọn. Ẹ fi téèpù sàmì sílẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ onílù wà. Onígángan tó bá gbádùn ara ẹ̀ á rìn, á sì gbé ohùn ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣètò ìgbàsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà sí bit 24, 48 kHz. Kí ohùn tó ga jù máa kan −12 dB lójú ẹ̀rọ, kó má kọjá −6. Àwọn onílù máa ń fi agbára lù ju bí wọ́n ṣe lù nígbà ìdánwò lọ, torí náà ẹ fi àyè sílẹ̀. Ihò 8 fún wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi GB 4. Orin 9, ìṣẹ́jú 6-6, ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ń lọ sí GB 19. Ẹ dà á sí ibi méjì lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó jẹun.

Onígìtá_Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ti click, ìró tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ìlù, ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá fi "tín tín tín tín" sétí àwọn onílù, ó ti bàjẹ́.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Àbúrò, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kóńkóló agogo ló yẹ kó wà létí wọn. Ìgbà 12 ló wà nínú yípo kan, agogo bà á ní 7: kọ̀ọ̀kan ní 1, 3, 5, 6, 8, 10, 12. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣí sí 4/4, ẹ yí i sí 12/8 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà tó wà lójú ẹ̀ á ṣubú síbi tí kò sẹ́ni tó ń ká a, gígé àti lílẹ̀ á sì di ogun. Kí onágogo gba ìṣẹ́jú 7 sílẹ̀ fún orin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú click, òun nìkan. Agogo yẹn la máa fi sí etí gbogbo ará tó kù. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á mọ̀ pé èèyàn lòun ń bá lù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìyẹn ló sì máa jẹ́ kó ṣeé ṣe láti mú apá tó dáa nínú ẹ̀ẹ̀kejì kẹ́ ẹ fi so mọ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Bí ohùn bá ń pẹ́ dé etí wọn, ẹ wo buffer, ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó dá a padà. 128 ní 48 kHz kò tó ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. 1024 lé ní 21, onílù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láìmọ̀.

Àyàn_Ọjà_Ọba

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni mo fẹ́ fi kún un. Kó tó di oṣù kẹjọ, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà lẹ ó máa gbà á sílẹ̀, òjò sì wà nílẹ̀. Awọ á mu omi afẹ́fẹ́ lóru, àárọ̀ yóò dẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní aago 8. Ẹ sá ìlù sóòrùn fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ yí i padà, ẹ wò ó bí ó ti ń le. Bí oòrùn ò bá sí, inú yàrá tó móoru ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Awọ tí iná bá yan á gbẹ sánkalá, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, ó ya. Àléébù ẹ̀rọ amúlétutù ni pé òun náà ń gbẹ awọ: ẹ tàn án lóru ọjọ́ kan, ìsàlẹ̀ tó wà ní G lánàá á ti gbéra kọjá ibẹ̀. Torí náà ẹ máa wo ìsàlẹ̀ lórí fóònù ṣáájú orin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ so ẹ̀ẹ̀kejì mọ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin bí Ẹlẹ́rọ ti wí, ìsàlẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Àǹtí_Elégbè

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti ìlù tán, kò sẹ́ni tó bèèrè èèyàn mẹ́ta tó máa gbè é.

Ẹni tó ti ń dá orin kọ máa ń fi ohùn ara ẹ̀ ṣe ègbè: ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó tò ó lé ara wọn. Ohùn kan náà ni, ìdí nìyí tí kò fi ń pe èèyàn wá jókòó. Ègbè èèyàn mẹ́ta yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan nínú wọn tó máa pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ máa parí sí; ojú ẹ̀ ni àwọn méjì yòókù á máa wò. Ibi tí ègbè ti máa ń fọ́ kì í ṣe ohùn, "s" àti "ṣ" ni. Bí mẹ́ta ò bá dé "ṣ" lẹ́ẹ̀kan náà, á dún bí epo tó bọ́ sórí agbada gbígbóná. Kí èèyàn kan ṣoṣo pe "ṣ" tó wà nínú ọ̀rọ̀ tó parí ìlà jáde, kí àwọn méjì yòókù má pè é síta.

Kí wọ́n dúró yí condenser ká bí ààbọ̀ òṣùpá, sẹ̀ǹtímítà 60, ẹni tí ohùn ẹ̀ le jù kó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n yípò. Ẹ pín ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ó di èèyàn 6 láìná kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ tún wo ibi tí lílé àti ègbè ti ń pàdé. Nínú orin tí wọ́n ti dá ṣe lórí kọ̀ǹpútà, lílé máa ń parí pátápátá kí ègbè tó wọlé, torí ẹnu kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré, kí ègbè wọlé lórí sílébù tó gbẹ̀yìn lílé. Ìwọ̀nba ìpàdé yẹn ló ń mú kí orin máa sáré láìjẹ́ pé ìyára ẹ̀ yí padà.

Ọmọ_Òròkí

Àǹtí, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni ìdánwò?

Àǹtí_Elégbè

Orin 3 lọ́jọ́ kan, wákàtí 4, kẹ́ ẹ yí àwọn 9 yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ 9 nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ọjọ́ 3 fún ìlù àti gìtá, 3 fún lílé, 2 fún ègbè. Kí lílé ṣáájú ègbè. Ẹ fi fóònù gba ìdánwò sílẹ̀ láti mítà 2, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lálẹ́ yẹn. Ohun tí fóònù ò bá gbọ́, àwo náà ò ní gbọ́ ọ.

Àwo_Àtijọ́

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò ni gígùn orin.

Ojú kan àwo ńlá àtijọ́ ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àwọn olórin jùjú sì máa ń fi orin mẹ́ta-mẹ́rin kún un láìdúró. Gángan ló ń so wọ́n pọ̀. (Ẹ rántí pé jùjú ìgbà Túndé King, ọ̀kan lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ò ní gángan, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ló wọlé.) Sunny Adé, tí wọ́n bí níbí l'Óṣogbo lọ́dún 1946, nígbà tó ṣe àwo fún Island Records lọ́dún 1982, kúkúrú ni wọ́n gé orin sí fún ọjà òkèèrè, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀ tòun ti gángan lókè. Gígé kúrú ò pa á.

Lóde òní, Spotify ò ka orin sí èyí tí wọ́n gbọ́ àfi bó bá kọjá 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹyọ kan ló sì kà á, ì báà gùn tó ìṣẹ́jú 3 tàbí 18. Ẹ lu orin mẹ́ta pọ̀ láìdúró bó bá wù yín, kẹ́ ẹ wá gé e sí mẹ́ta nígbà tẹ́ ẹ bá ń parí ẹ̀. Ẹ gé e lórí ìgbà kìíní kóńkóló, níbi tí ìlà ohùn ti kan òdo, láìfi ohùn rọlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gé e láàárín ìró agogo, á máa ta "tá" láàárín orin méjì. Fàìlì WAV ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. MP3 máa ń fi àlàfo díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ìsopọ̀ yẹn á sì já.

Lọ́yà_Olórin

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé ṣáájú ìlù. Ẹni tó ti ń dá orin ṣe kò tíì bá ẹnikẹ́ni pín nǹkan rí. Ní báyìí èèyàn 10 ti wọlé.

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: orin tí wọ́n kọ, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá san owó iṣẹ́ ọjọ́ fún eléré, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó iṣẹ́ ni, ohun tó bò, àti ohun tí kò bò, kí kálukú fọwọ́ sí i kó tó gbé kọ̀ǹgọ́. Bí onígángan bá mú ọ̀rọ̀ kan wá tó di ègbè orin, ó ti ń di ẹni tó bá a kọ orin yẹn nìyẹn. Ẹ sọ ìpín ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ọ́ síwájú àkọlé orin náà nìkan, kì í ṣe gbogbo àwo. Lábẹ́ Òfin Copyright ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí orin máa ń wà títí dìgbà tí 70 ọdún bá kọjá lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ lẹ ń bá kọ̀wé yẹn. Ẹ fi orúkọ àwọn orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin fún àwọn olórin ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìpín yẹn gan-an.

Oríkì ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí ó má kọ orúkọ ẹ̀ sí "Òṣogbo Òròkí, ìlú aró" gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun dá sílẹ̀. Ètò orin tó fi sí i ni tiẹ̀.

Orin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ISRC tiẹ̀, àmì ìdánimọ̀ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Àwòrán iwájú àwo: 3000 sí 3000 píksẹ́lì. Kí orúkọ rẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo: bó bá ti ń kọ ọ́ láìsí àmì ohùn lórí orin àtẹ̀yìnwá, tí àwo yìí wá ní àmì àti "ṣ", ojú ìwé olórin méjì lè yọ, àwọn tó ti ń tẹ̀lé e ò sì ní rí àwo tuntun. Ẹ gbé e lọ fún apínorin, ẹni tó ń bá yín gbé orin lọ sórí Spotify àti àwọn yòókù, ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Spotify fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀ fún àyè nínú àkójọ wọn ó kéré tán ọjọ́ 7 kí orin tó jáde.

Ọmọ_Òròkí

Ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú oṣù kẹjọ: ó túmọ̀ sí pé kí gbogbo nǹkan ti parí ní ìparí oṣù kẹfà. A óò dá ìgbàsílẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà, tó bá ti wù kó rí. Ìbéèrè kan ló kù: nígbà tá a bá ń pa á pọ̀, ta ló máa wà níwájú, olórin tàbí gángan?

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ìgbà kan náà kọ́ ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ìdánwò dáadáa. Níbi tí olórin ti ń lé, ẹ rẹ gángan sílẹ̀ bíi dB 3, kẹ́ ẹ gbé e padà nígbà tó bá dákẹ́. Ẹ fọwọ́ ṣe é, ìlà kan sí ìkejì, ẹ má fi kọmpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń tẹ ohùn líle mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀) ṣe é torí yóò máa mí sókè-sódò. Gángan tó ń sọ̀rọ̀ kó wà láàárín, èkejì sọ́tùn-ún díẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sósì. Ẹ gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò lára gángan, àyè béèsì àti àkúbà nìyẹn.

Ẹ wá gbé e lọ sínú kọ̀rọ̀pẹ́ kan ní Ọlá-ìyá, kẹ́ ẹ tàn án láàárín ariwo. Bẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ ohun tí gángan ń sọ, ó ti tó.

Beat_Òde_Òní

Èyí tí mo sọ nípa ègbè Auto-Tune, ṣé a lè fi sí orin kan péré?

Àyàn_Ọjà_Ọba

Ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí orúkọ èèyàn wà. Kí onígángan sì mú kọ̀ǹgọ́ méjì dání lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ò ní dúró dè é bí ọ̀kan bá kán.